Ìyẹ̀fun Pákó Abẹ́ Táǹkì Fàsásì

Ẹni tó bá ti gbé Ìjẹ̀bú-Igbó rí kò ní í béèrè ohun tí à ń pè ní ààrò oníyẹ̀fun. Agolo ńlá kan ni. Wọ́n á dá ihò sí i nísàlẹ̀, wọ́n á gbé ìgò kan dúró sáàárín rẹ̀, wọ́n á wá máa ki ìyẹ̀fun pákó yí ìgò náà ká, èyí tí ayùn ń tú jáde nígbà tó bá ń la gẹdú. Bó bá ti le gbagidi, wọ́n á fa ìgò yọ, ààrò ti dé nìyẹn. Wọ́n á ṣáná sí i, á máa jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ẹ̀wà yóò fi jinná. Àwọn ará ìlú mìíràn ń ra igi ìdáná. Àwa tí ayùn ń ké lẹ́yìnkùlé wa láti àárọ̀, kí la fẹ́ fi igi rírà ṣe?

Ní ọdún kejì tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, Àbẹ̀bí ń ki irú ààrò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Òkè-Ṣópẹ̀n. Àlejò pàtàkì ló ń dáná fún. Gabriel Àkànjí, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ti Àpápá dé fún ìdúpẹ́ ìkórè ìjọ Aládùúrà wọn.

Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni Gabriel ti ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń tọ́jú epo sí nínú àwọn táǹkì ńláńlá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa yẹ àwọn táǹkì náà wò, kó sì sọ èyí tí ara rẹ̀ le àti èyí tí kò gbádùn. Òun fúnra rẹ̀ kì í fọ́nnu nípa rẹ̀. Àwa là ń bá a fọ́nnu, torí ọmọ wa ni.

"Jókòó, Àkànjí," ni Àbẹ̀bí wí. "Ẹ̀wà yìí éè ní í pẹ́ jinná. Ìyẹ̀fun tí mo bù yìí, àdúrà wà nínú ẹ̀."

Ó ṣáná sí i. Bí iná ṣe gbà báyìí, hùù, ló ta kọjá ìkòkò, ó lá etí òrùlé, ó sì rá etí gèlè Àbẹ̀bí. Gabriel fò dìde. Ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́yìn, ó já àpò ìdọ̀họ tó wà nínú omi gbà, ó sì fi bo ààrò náà mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò ṣe yín?"

"Kò ṣe mí. Gèlè lásán ni. Má jẹ́ kó dẹ́rù bà ẹ́, bó ṣe máa ń ṣe rè é. Tó bá ti ta báyìí tán, á rọlẹ̀, á sì jó dáadáa."

Gabriel lóṣòó ti ààrò náà. Ó bu ìyẹ̀fun tó ṣẹ́ kù nínú apẹ̀rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi àtàǹpàkò rà á, ó sì gbé e sí imú. Ojú rẹ̀ yí padà. Látìgbà tó ti wọlé ló ti ń sọ Yorùbá oníwèé tí wọ́n ń sọ l'Ékòó, ṣùgbọ́n ẹ̀rù a máa dá èèyàn padà sí èdè ìyá rẹ̀.

"Ubo lẹ ti bù ú?"

"Lọ́dọ̀ Fàsásì ọ̀rẹ́ ẹ. Ti abẹ́ táǹkì ilé ìlagi ẹ̀ ni. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń kó ti àtẹ̀yìnwá kúrò kó tó da tuntun síbẹ̀, Asimawu ìyàwó ẹ̀ á wá pín in fún wa. Sàráà ni. Èmi Aládùúrà, mo ń gbà á, torí sàráà éè ní ìjọ." Àbẹ̀bí tún gèlè rẹ̀ wé. "Ti ẹ̀gbẹ́ ayùn wà níbẹ̀ bí òkè, éè sí ẹni tó bìkítà. Ti abẹ́ táǹkì ni dédé wa, àtọmọdé àtàgbà, ń du. Ìbùkún ń bẹ nínú ẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, dísù ló wà nínú ẹ̀, epo tí ẹ̀rọ ayùn ń mu. Táǹkì Fàsásì ń jò."

Àbẹ̀bí wo ààrò náà. Ó wo òrùlé tí iná lá.

"Yéè! Ọjọ́ Ajé sì lọkọ̀ epo ń bọ̀. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ kún un dẹ́nu."

Gabriel kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ebi ń pa á, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀wà sílẹ̀ ó sì gòkè lọ sí ilé ìlagi Fàsásì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Fàsásì fún yín. Ẹ̀rọ ìlagi tirẹ̀ kì í ṣe èyí tó tóbi jù ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń yí dúróòmù epo kiri inú ẹrẹ̀, òun ti ra táǹkì. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé láti Èkó, ìdajì Òkè-Ṣópẹ̀n ló jáde wá wò ó, èmi náà sì wà níbẹ̀. Ọdọọdún, kí Iléyá tó pé, Fàsásì á kùn ún ní ọ̀dà àwọ̀ ewé, á sì fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i gàdàgbà, FÀSÁSÌ ONÍPÁKÓ. Bí oòrùn bá ràn sí i, ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Agó-Ìwòyè á ti rí i lókèèrè.

Ẹni tó tà á fún un ní kó gbé e lé orí òpó símẹ́ǹtì. Fàsásì ní àgbẹdọ̀, òun onípákó kò ní í gbé táǹkì òun lé òkúta. Ìtì ìrókò ló tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó gbé e lé. Wọ́n ní kó mọ ògiri búlọ́ọ̀kù kékeré yí i ká, kí epo má bàa ṣàn lọ bó bá dà. Èyíinì, ó ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò dé, omi dúró síbẹ̀, ẹrẹ̀ dúró síbẹ̀, àlejò tó bá wá wo táǹkì á sì fi bàtà gbé ẹrẹ̀ lọ. Fàsásì tí kì í fẹ́ ìdọ̀tí rárá dá ihò sí ògiri kí omi lè máa jáde, ó wá fi ìyẹ̀fun pákó kún inú rẹ̀ dé ìdí táǹkì. Gbogbo àárọ̀ Jímọ̀, wọ́n á kó ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kúrò, wọ́n á tẹ́ tuntun. Ibẹ̀ mọ́ ju pálọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ó ní ìdí láti yangàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ti pọ̀ ní ilé ìwé ju àga lọ, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń jókòó sí. Fàsásì ni wọ́n gbé pákó àga àwọn ọmọ Abigi àti ti Mákùn-Omi, ní agbègbè etí omi, fún pé kó là. Pákó náà ti ga lórí ara wọn nínú ọgbà, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà nísàlẹ̀ táǹkì. Gẹdú tó kù láti là ni ó fẹ́ tìtorí rẹ̀ ra epo.

"Àkànjí! Ọmọ Àpápá!" Fàsásì na ọwọ́ méjèèjì nígbà tó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. "Wá wo táǹkì èèyàn ẹ. Tiyín lọ́hùn-ún tóbi jù ú lọ, mo gbà. Ṣé wọ́n lẹ́wà jù ú lọ?"

"Wọn ò lẹ́wà tó o," ni Gabriel wí. "Jẹ́ kí n wo abẹ́ ẹ̀."

"Abẹ́? Ta ló ń ti abẹ́ wo ẹwà?"

Gabriel ròyìn ààrò Àbẹ̀bí fún un. Fàsásì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé ọ̀rẹ́ òun kò rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ le.

"Táǹkì mi éè jò. Bó bá ń jò, èmi á rí epo nílẹ̀. Ìwọ rí epo nílẹ̀?"

"Báwo ni mo ṣe máa rí i? Ìyẹ̀fun ń mu ún. Bó bá ti mu ún yó, o kó o fún àwọn obìnrin gbé lọ sílé, o tún tẹ́ òmíràn fún un kó máa mu."

"Epo mi ń dín lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ń mu ún. Nọ́fíù tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ni. Mo ti sọ fún un lójú èèyàn pé olè ni, pé tí epo ọjọ́ Ajé bá ti wọlé, kó kó ẹrù ẹ̀."

Nọ́fíù wà lẹ́nu ilé ẹ̀rọ, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. Ó gbọ́. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Fàsásì, gbọ́ mi," ni Gabriel wí. "O kò tíì kún táǹkì yìí láti ìgbà òjò, àbí? Epo díẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, ìdí ẹ̀ tó ti jẹrà ṣì lè gbé e. Lọ́jọ́ Ajé, tí ẹ bá kún un, epo á wúwo, ìdí á já. Ihò tó o dá sí ògiri á sì tú u síta. Ubo ló máa ṣàn gbà? Wo ìsàlẹ̀ fúnra ẹ."

Fàsásì wò ó. Kò fẹ́ wò ó, ṣùgbọ́n ó wò ó. Ilé ẹ̀rọ tí èéfín gbígbóná ń ti inú rẹ̀ jáde ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, pákó àwọn ọmọ ilé ìwé. Lẹ́yìn pákó, òrùlé ilé Àbẹ̀bí àti ti àwọn aládùúgbò rẹ̀, ààrò oníyẹ̀fun sì ń rú èéfín lẹ́yìnkùlé kálukú wọn.

"O fẹ́ kí n dá ọkọ̀ epo padà lójú dédé Òkè-Ṣópẹ̀n," ni Fàsásì wí. "Kí wọ́n ní táǹkì Fàsásì ti jẹrà. Ìyẹn lo bá mi mú bọ̀ láti Èkó?"

"Kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ sàn ju kí wọ́n ní ibí ni táǹkì Fàsásì wà rí."

"Àsìkò ìrun ti tó," ni Fàsásì wí, ó gbé kẹ́tùrù omi àlùwàlá, ó sì fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Asimawu ìyàwó rẹ̀ ti ń gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ó sì máa ń ro ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́. Ó tẹ̀ lé Gabriel títí dé ẹnu géètì.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ohun tí mo ń fi ọwọ́ ara mi pín fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló fẹ́ jó Ìyá Aládùúrà lójú?"

"Òun ni. Ẹ ò mọ̀."

"Ní báyìí, mo ti mọ̀." Ó wo ìhà ibi tí ọkọ rẹ̀ gbà lọ. "Bàbá Mùbàṣírù éè ní í gba ọ̀rọ̀ irin gbọ́ lẹ́nu yín. Ọ̀rọ̀ igi nìkan ló máa ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ kí ọjọ́ Ajé ó tó kọjá."

Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ̀ epo dé kí oòrùn tó ràn dáadáa. Àwọn èèyàn ti pé bí ìṣe wọn, torí bí wọ́n bá ń kún táǹkì Fàsásì, ìran ni. Fàsásì wọ agbádá. Awakọ̀ ti ń tú páìpù sílẹ̀, Nọ́fíù ti di ẹrù rẹ̀ sínú aṣọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀rọ, Gabriel sì dúró láàárín wọn, ó ń wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fà á lọ́wọ́.

Asimawu ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Mùbàṣírù, kí wọ́n tó gbé páìpù sẹ́nu táǹkì, ẹ bá mi yẹ nǹkan kan wò. Lẹ́bàá títì ló wà."

Ta ló fẹ́ kọ̀ fún ìyàwó tó kúnlẹ̀ láàárín èrò? Fàsásì tẹ̀ lé e. Lẹ́bàá títì, lọ́nà jíjìn sí táǹkì, Asimawu ti gbé abọ́ irin méjì kalẹ̀ lórí iyanrìn. Ìyẹ̀fun pákó wà nínú méjèèjì.

"Ìyẹ̀fun igi wo rè é?" ni Asimawu bi í.

Fàsásì bẹ̀rẹ̀, ó bu díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín, torí ìbéèrè ọmọdé ni. "Ọ̀mọ̀ ni. Ọ̀mọ̀ tútù tí a là lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ti inú abọ́ kejì náà, òun kan náà ni, gẹdú kan náà."

"Ẹ ṣeun. Èyí, ẹ̀gbẹ́ ayùn ni mo ti bù ú. Èyí, abẹ́ táǹkì."

Ó ṣáná sí ti ẹ̀gbẹ́ ayùn. Ó rú èéfín, ó pọ́n díẹ̀ létí, ó sì kú. Ó ṣáná sí ti abẹ́ táǹkì. Kò tíì yọ ọwọ́ tán tí iná fi gbà á, hùù, tó sì ga tó ọmọ tó ń rákò. Èéfín dúdú ń ti orí rẹ̀ jáde.

Gbogbo èrò sún sẹ́yìn. Ẹ má bá mi jiyàn pé Fàsásì kì í ṣe alágídí. Alágídí ni, àwọn òbí rẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè purọ́ igi fún un, òun náà kò sì lè purọ́ igi fún ara rẹ̀.

"Ìyẹ̀fun ọ̀mọ̀ tútù kì í jó báyìí," ló wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ó yí padà, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ pariwo.

"Ẹ dúró! Ẹ má tú epo yẹn o! Nọ́fíù, pa ẹ̀rọ! Ẹni tó ní sìgá lẹ́nu, kó kúrò ní ọgbà mi!"

Ó bọ́ agbádá, ó jù ú sọ́wọ́ Asimawu, ó sì gbé ṣọ́bìrì. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kó ìyẹ̀fun náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ti òkè funfun. Ti àárín ti ń pọ́n. Ti ìsàlẹ̀ dúdú, ó lẹ̀ mọ́ra, òórùn dísù sì gba gbogbo ọgbà. Bó ṣe kó o tán ni èrò rí ìdí táǹkì náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé. Ọ̀dà àwọ̀ ewé dán lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wú síbí, ó wú sọ́hùn-ún, bí ara tí eéwo ń yọ lábẹ́ awọ.

Nọ́fíù gbé òòlù dé. Gabriel na ọwọ́ dá a dúró.

"Má fi irin lu irin níbi epo. Iná lè ta. Igi ni kí ẹ fún Fàsásì."

Fàsásì mú ègé ìrókò kan, ó ń fi kan ìdí táǹkì náà jẹ́jẹ́. Níbi tó ti le, ó ń dún gan-gan. Ó sún síwájú. Gan-gan. Ó sún sí ibi tí ìtì ìrókò ti pàdé irin, tí omi ìyẹ̀fun ti ń dúró sí láti òjò dé ẹ̀ẹ̀rùn. Ibẹ̀ kò dún mọ́. Ó ti igi náà díẹ̀, ọ̀dà sì fọ́, igi wọ inú irin bí ẹni fi ọ̀bẹ gún ẹ̀kọ. Epo tú jáde sí i lọ́wọ́.

"Lá ìlàhá ílà Láhù," ni Fàsásì wí.

Gabriel ti múra sílẹ̀. Ó ti po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ òwú, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò náà pàtìpàtì. Ó ní kí wọ́n fa epo tó ṣẹ́ kù sínú dúróòmù kíákíá, torí ọṣẹ kì í ṣe àtúnṣe, kí epo má bàa dà sílẹ̀ kí wọ́n tó kó o tán ni. Awakọ̀ ká páìpù rẹ̀. Gbogbo èrò ń wo Fàsásì bóyá yóò fi aṣọ bo ibi tó bàjẹ́, bóyá yóò lé wọn jáde. Bó bá jẹ́ èmi, mo lè lé wọn.

Ibi tí mo ti fẹ́ràn ọkùnrin yìí nìyẹn. Ó dìde pẹ̀lú epo lọ́wọ́ àti ìyẹ̀fun ní orókún, ó sì pe gbogbo wọn sún mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin ará Òkè-Ṣópẹ̀n, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ ẹ̀. Èyí tí ẹ ń wá wò lóòjọ́, òkè ẹ̀ ni. Lónìí, ẹ wo abẹ́ ẹ̀." Ó yíjú. "Nọ́fíù, ubo lo wà? Lójú èèyàn ni mo ti pè ẹ́ lólè, lójú èèyàn náà ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ẹ mọ́. Èmi ni mo ń da epo ara mi nù, mo sì ń fi ọ̀dà bò ó. Tú ẹrù ẹ."

Nọ́fíù dọ̀bálẹ̀, omi sì lé ròrò sí i lójú. Àbẹ̀bí tó dúró lẹ́yìn pátápátá ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, tí gbogbo èrò fi gbè é.

Asimawu kò dúró gba ìyìn tirẹ̀. Ó ti gbé apẹ̀rẹ̀ sórí, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti gba sàráà ọjọ́ Jímọ̀ padà, ó ń sọ fún olúkúlùkù ìdí rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kòtò sílẹ̀ jìnnà sí kànga àti odò, wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ ìdí rẹ̀, wọ́n da ìyẹ̀fun olóró náà síbẹ̀, wọ́n sì bò ó.

Ẹ ó béèrè pé pákó àwọn ọmọ ńkọ́. Ìlú wa kò kéré o. Àwọn onílé ìlagi yòókù ní Ìjẹ̀bú-Igbó pín gẹdú tó kù láàárín ara wọn, onípákó kan ní Agó-Ìwòyè gba tirẹ̀, wọ́n sì là á láìjẹ́ kí orúkọ Fàsásì bàjẹ́. Ọkọ̀ ilẹ̀ gbé ti Abigi lọ. Ti Mákùn-Omi, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé èbúté, àwọn òbí àwọn ọmọ ló sì rù ú wọ inú ilé ìwé. Àwọn ọmọ tó ti ń fi ìdí jókòó sí ilẹ̀ rí àga jókòó sí ṣáájú ìdánwò. Ta ní kò ní í yangàn?

Gabriel tún padà wá láti Àpápá nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé táǹkì tuntun kalẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Fàsásì ló ń béèrè ọ̀rọ̀.

"Orí kí ni ká gbé e lé?"

"Òpó símẹ́ǹtì. Kó ga tó pé èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ kó rí gbogbo abẹ́ ẹ̀. Ohun tí o kò bá lè rí, o kò lè tọ́jú ẹ̀."

"Ògiri yẹn ńkọ́?"

"Ẹ tún un mọ, kẹ́ ẹ fi símẹ́ǹtì rẹ́ inú ẹ̀ kó má fa nǹkan mu. Kó tóbi tó pé bí gbogbo epo táǹkì bá tú lẹ́ẹ̀kan, á gbà á, àyè á ṣì kù. Ọ̀pá ìdaminù ibẹ̀ ní láti ní ohun tí wọ́n fi ń tì í pa, títì pa ni kó sì máa wà. Bí òjò bá rọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ojú omi. Bó bá ń dán bí òṣùmàrè, epo wà níbẹ̀, ẹ má tú u. Bó bá mọ́, ẹ tú u, kẹ́ ẹ dúró tì í, kẹ́ ẹ sì tún tì í pa."

"Àti ìyẹ̀fun?" ni Asimawu béèrè, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọkọ rẹ̀.

"Kò gbọdọ̀ sí ìyẹ̀fun, koríko, àkísà tàbí pákó nínú ògiri náà. Kó ṣófo. Bó bá ṣófo, ẹ̀kán epo kan ṣoṣo kò ní í lè sá pamọ́ fún yín."

Nọ́fíù náà ní ìbéèrè tirẹ̀. "Bàbá, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé epo ń dín láìjẹ́ pé ẹ̀rọ ló mu ún?"

"Máa ki ọ̀pá ìwọ̀n bọ̀ ọ́ láàárọ̀ kó o tó tan ẹ̀rọ, àti nírọ̀lẹ́ tó o bá pa á. Fi ẹfun sàmì sára ògiri ilé ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá sùn lálẹ́, tí epo sì dín kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń jò níbì kan. Má fi bò, sọ fún ọ̀gá ẹ." Gabriel nawọ́ sí ọ̀pá kékeré tó yọrí lókè táǹkì. "Èyí ni táǹkì fi ń mí. Agbọ́n a máa mọlé sínú ẹ̀. Máa yẹ̀ ẹ́ wò, má sì fi nǹkan dí i pé o ò fẹ́ kí òjò wọ̀ ọ́. Táǹkì tí kò rí èémí fà lè fọ́ tí wọ́n bá ń da epo sí i."

"Ọ̀dà mi ńkọ́?" Ohùn Fàsásì rẹlẹ̀ bí ti ọmọ tó ń tọrọ. "Ṣé mi ò ní í kùn ún mọ́?"

"Ìwọ náà! Kùn ún. Ọ̀dà ń dáàbò bo irin. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ha ìpẹtà kúrò títí irin á fi funfun, kẹ́ ẹ tó kùn ún. Bẹ́ ẹ bá kun ọ̀dà lé ìpẹtà, ẹ ti fún olè láṣọ. Ibi tó bá sì ti jẹ púpọ̀, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Kí wọ́n tó da epo sínú táǹkì tuntun náà, omi ni wọ́n kọ́kọ́ kún un, wọ́n sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kò jò. Wọ́n da omi náà nù, wọ́n jẹ́ kó gbẹ, wọ́n wá da epo sí i, wọn kò sì kún un dẹ́nu. Ọkọ̀ epo tú, Nọ́fíù sì dúró ti páìpù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò lọ jẹun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ìbá à jẹ́ pé ilé ìlagi lẹ ní, tàbí ilé ìlọta, tàbí ilé epo, tàbí pé ọkọ̀ ojú omi yín ní Ogun Wọ́tásáìdì ń mu epo láti inú táǹkì èbúté, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ gbé táǹkì kúrò nílẹ̀. Ẹ mọ ògiri yí i ká, kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣófo, kẹ́ ẹ sì ti ojú ìdaminù rẹ̀ pa. Ọ̀sẹ̀ kan kò gbọdọ̀ kọjá kẹ́ ẹ má rìn yí i ká, kẹ́ ẹ wo ojú ìsopọ̀ irin, kẹ́ ẹ wo oríkèé páìpù, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́. Ẹ máa fa omi tó bá sùn sí ìdí rẹ̀ jáde, torí epo máa ń léfòó, omi ló ń jẹ irin láti inú. Lọ́dọọdún, ẹ pe ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ kó yẹ̀ ẹ́ wò pátápátá. Wẹ́dà, ẹni tó ń jó irin pọ̀, kò gbọdọ̀ gbé iná dé ẹ̀gbẹ́ táǹkì tó ti gba epo rí àfi tí wọ́n bá kó epo tán, tí wọ́n fọ̀ ọ́, tí afẹ́fẹ́ sì ti fẹ́ gbogbo èémí epo kúrò nínú rẹ̀, torí èémí epo tó kù nínú táǹkì òfìfo ló ń pa ènìyàn ju epo lọ. Ẹ gbé garawa yanrìn sítòsí. Bí epo yín bá ń dín, ẹ yẹ táǹkì wò kẹ́ ẹ tó yẹ ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ wò. Bó bá sì jò, ẹ má fi pamọ́. Ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò, torí ilé wọn ló wà nísàlẹ̀.

Fàsásì ṣì ń kun táǹkì rẹ̀ kí Iléyá tó pé, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá dé báyìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín, Fàsásì á dì í lọ́wọ́ mú, á ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo abẹ́ ẹ̀ ná." Àwọn onípákó Agó-Ìwòyè ti wá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ti Mákùn-Omi wá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ojú kì í tì í mọ́.

Ní ti sàráà ọjọ́ Jímọ̀, kò dúró. Ẹ̀gbẹ́ ayùn ni Asimawu ti ń bù ú báyìí, ìyẹ̀fun tútù tó ń rú èéfín, tí kì í tètè gbaná. Àbẹ̀bí a máa fẹ́ ẹ títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n. Nígbà tí Gabriel tún wálé, tí ebi sì ń pa á bíi ti àkọ́kọ́, ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí ló dé tí ẹ̀wà ò fi tíì jinná.

"Jókòó jẹ́jẹ́, Àkànjí," ni Àbẹ̀bí wí, ó ń nu omi ojú, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Tó o bá ti rí i tí ẹ̀wà mi ń pẹ́ jinná báyìí, má wulẹ̀ gòkè lọ wò ó. Táǹkì Fàsásì éè jò."